Èkó sí Salvador: Ìwọ̀n Ọ̀nà àti Ìwọ̀n Àkókò Láàrin Etí Òkun Méjì

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfurufú ìlú Salvador, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, kò ju nǹkan bí 5,090 kìlómítà lọ bí a bá fa okùn tààrà lé orí ilẹ̀ ayé róbótó. Láti Ìkẹjà kan náà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ kò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Recife, ìlú èbúté mìíràn ní àríwá-ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, tilẹ̀ sún mọ́ Èkó ju Lọ́ńdọ̀nù lọ: nǹkan bí 4,540 kìlómítà péré. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà lóru a máa rí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ẹni tí ń lọ sí Salvador yóò kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí sí àríwá, yóò pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì lo odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣòwò ọkọ̀ òfurufú nìkan. Nínú àwọn iṣẹ́ lórí Yorùbá tí ó fọ́n káàkiri ayé, ó wọ́pọ̀ kí a kà á pé ọ̀nà jíjìn ló gé àwọn Nàgó Bahia kúrò lára àwọn ará ilé, àti pé ohun tí ó ṣẹ́kù ní ilé òrìṣà wọn jẹ́ ìrántí tí ó la òkun kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì padà mọ́. Àlàyé yìí rọrùn, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀nà kò gbè é lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé jíjìn ló ń gé ìbátan, ó yẹ kí Lọ́ńdọ̀nù ti di àjèjì sí Èkó tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ọ̀nà tààrà wà láàrin etíkun méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ìran, àti pé àkókò gan-an tí ẹ̀rọ ìrìnnà ń yára sí i ni ọ̀nà náà pa rẹ́.

Àwòrán ayé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé dá kún àṣìmọ̀ náà. Lórí pátákó, Yúróòpù wà lókè orí Áfíríkà bí ẹni tí ó jókòó sórí òrùlé. Bùràsíìlì wà lódìkejì àyè aláwọ̀ búlúù gbalasa tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ojú rí àyè òfìfo yẹn, ó pè é ní jíjìn. Bẹ́ẹ̀ ni ikùn Bùràsíìlì yọ síwájú gan-an sínú òkun, tí ìyàtọ̀ aago tí ó wà láàrin ìlú méjèèjì kò sì ju wákàtí mẹ́rin lọ: bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Èkó, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni àwọn ará Salvador wà.

Nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1968, Pierre Verger tọ ipasẹ̀ ìṣòwò láàrin Bahia àti etíkun wa láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di ìkọkàndínlógún. Ohun tí ó ya ìṣòwò náà sọ́tọ̀ ni pé kò gba Yúróòpù kọjá. Ìtàn tí a sábà máa ń kọ́ nípa òwò ẹrú jẹ́ ti onígun mẹ́ta: ọjà láti Yúróòpù sí Áfíríkà, ẹrú láti Áfíríkà sí Amẹ́ríkà, ṣúgà láti Amẹ́ríkà padà sí Yúróòpù. Ti Bahia jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, àlọ àti àbọ̀. Tábà ni ó fà á. Ìjọba Pọtogí ti ya tábà tí ó dára jù sọ́tọ̀ fún ọjà Lisbon. Àwọn ewé tí kò wọ ẹgbẹ́ yẹn ni àwọn ará Bahia ń fi omi ìrèké tí a sè títí tí ó fi ki bí oyin ra lára, tí wọ́n sì ń lọ́ bí okùn. Àṣẹ́kù tí Lisbon kọ̀ yìí ni àwọn oníbàárà etíkun wa yàn láàyò ju tábà ibòmíràn lọ. Bí àwọn oníṣòwò Bahia ṣe rí ọjà tí kò nílò Lisbon nìyẹn, tí ọkọ̀ wọn sì ń ti èbúté wọn bọ̀ tààrà sí Ouidah, sí Pọ̀tọ̀nọ́fò, àti lẹ́yìn náà sí Èkó, tí ìwé àwọn Pọtogí ń pè ní Onim.

Ìrìn náà ní agbára ìṣẹ̀dá lẹ́yìn. Ní ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn a máa ti ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà lọ sí Bùràsíìlì, ìṣàn omi òkun tí ń gba ibẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn a sì máa ràn án lọ́wọ́. Ní etíkun wa gan-an, ìṣàn omi ń lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà atukọ̀ tí ó bá ṣí ìgbòkun ní Èkó ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù kí afẹ́fẹ́ rere tó gbé e. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, nǹkan bí oṣù kan ni ìrìn náà. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, kò sí ẹni tí ó lè sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà. Oṣù kan kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí ìrìn-àjò láti etíkun dé ìlú tí ó wà nínú lọ́hùn-ún ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ojú ọ̀nà dí, tí oníbodè dúró ní gbogbo oríta, yóò mọ̀ pé oṣù kan lórí omi kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ohun àrà.

Kò yẹ kí a gbàgbé ohun tí ọ̀nà tààrà yìí gbé. Ènìyàn ni. Bí ilé Ọ̀yọ́ ṣe wó, tí ogun sì ran gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí a kó lógun ni ó kún inú ọkọ̀ tí ń lọ sí Bahia, kíkúrú tí ọ̀nà náà kúrú sì wà lára ohun tí ó mú kí òwò náà jèrè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàpèjúwe àsopọ̀ Èkó àti Bahia bí ẹni pé àwọn òbí àti ọmọ ni wọ́n ń kí ara wọn láti etí òkun kan sí èkejì. Orí egungun ni a la ọ̀nà náà sí.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn tí ó bọ́ gbà padà wálé. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Nàgó ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan jáde, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fúnra wọn gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n san owó ọkọ̀, wọ́n kó ẹbí wọn dání. Àwọn ni ó di Àgùdà ní Èkó, ní Pọ̀tọ̀nọ́fò, ní Ouidah àti ní Àgúwé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó wá tí kò tún padà lọ. Àwọn kan sọ ọkọ̀ di ọjà: wọ́n ń kó tábà àti ọtí bọ̀, wọ́n sì ń kó epo pupa, obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì lọ. Ní Bahia, gbogbo ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ ni wọ́n ń fi orúkọ ‘ti Etíkun’ pè, títí di òní ni wọ́n sì ń pe aṣọ tí àwọn ìyálórìṣà ń gbé kọ́ èjìká ní pano da costa. Ẹni tí ó bá ń rúbọ ní Salvador ní àárín ọ̀rúndún náà kò nílò láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò obì. Ọkọ̀ ń gbé e bọ̀.

Èyí ni ó jẹ́ kí ìrìn-àjò Martiniano Eliseu do Bonfim dàbí ohun tí kò yani lẹ́nu lójú àwọn ará ìgbà rẹ̀. Ọmọ Bahia ni, ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Ní 1875 bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó; ó dúró níbẹ̀ títí di 1886, ó kọ́ iṣẹ́ ifá, ó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà sí Salvador, níbi tí ó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni tí ó sì di babaláwo tí gbogbo ayé mọ̀. Bàbá kan rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní òdìkejì òkun gẹ́gẹ́ bí ará Abẹ́òkúta ìgbà náà ṣe lè rán tirẹ̀ lọ sí Èkó.

Níbo wá ni ọ̀nà náà ti yà? Ohun mẹ́ta pàdé ara wọn láàrin ọdún mẹ́wàá sí mẹ́wàá àti díẹ̀. Òfin tí Bùràsíìlì ṣe ní 1850 fòpin sí kíkó ẹrú wọlé, ẹrù tí ń san owó ọkọ̀ sì lọ. Ní 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn òkun lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tí òwò rẹ̀ so mọ́ Bahia, nígbà tí ó sì di 1861 wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ Dòsùnmú. Láàrin méjèèjì, ní 1852, ilé-iṣẹ́ Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ eléèéfín gbé lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún kan ṣáájú èyí, 1851, ilé-iṣẹ́ Royal Mail ti fi ọkọ̀ irú èyí so Southampton mọ́ Bahia àti Rio de Janeiro.

Ẹ wo bí ìlà méjèèjì ṣe rí. Ọ̀kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, èkejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Bahia. Kò sí èyí tí ó so Èkó mọ́ Bahia. Ọkọ̀ eléèéfín kò bẹ afẹ́fẹ́, ó ní ọjọ́ tí yóò gbéra àti ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀, lẹ́tà àti owó sì fẹ́ràn ohun tí a lè fọkàn tán. Lẹ́tà tí ó bá fẹ́ rìn pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dájú láti Èkó sí Bahia ní láti gòkè lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó tún sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun kò tíì tán lójú òkun, ṣùgbọ́n ó ti di ohun àwọn tí kò lówó tó, ohun àtijọ́. Gómìnà Alfred Moloney, tí ó ṣe àkóso Èkó láti 1886 sí 1891, rí àléébù náà. Ó gbìyànjú kí ọkọ̀ eléèéfín máa rìn tààrà láàrin Èkó àti Bùràsíìlì, nítorí ó ń wá oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀ tí yóò padà wá láti ibẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí Bùràsíìlì ti dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní 1888. Ìlà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọkọ̀ onígbòkun tí a rántí jù nínú ìrìn àwọn tí ó padà bọ̀ kẹ́yìn ni Aliança, tí ó gbéra ní Bahia ní 1899. Àìsàn bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lójú òkun, àwọn aláṣẹ Èkó sì ya àwọn èrò sọ́tọ̀ kí wọ́n tó lè wọ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ náà, Romana da Conceição, dàgbà di ìyá pàtàkì láàrin àwọn Àgùdà Èkó. Ó ṣì wà láyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 láti ròyìn fún Antonio Olinto, tí ilẹ̀ Bùràsíìlì rán wá sí Èkó nítorí ọ̀rọ̀ àṣà. Láti ibi ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni Olinto ti rí èròjà fún ìtàn àròsọ rẹ̀ A Casa da Água, tí ó jáde ní 1969.

Ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú dé, òkun tí ó wà láàrin Áfíríkà àti Bùràsíìlì wà lára èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú kọ́kọ́ dójú sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni Àtìláńtíìkì ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Gago Coutinho àti Sacadura Cabral, Pọtogí méjèèjì, kúrò ní Lisbon ní oṣù kẹta ọdún 1922, wọ́n sì dé Rio ní oṣù kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n ti ba ọkọ̀ méjì jẹ́ lójú ọ̀nà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, Jean Mermoz, ará Faransé, gbé lẹ́tà láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà dé Natal ní nǹkan bí wákàtí mọ́kànlélógún. Àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1934, láti Bathurst ní Gáḿbíà. Gbogbo ìlà wọ̀nyí ni ó fi orí lé Yúróòpù. Áfíríkà jẹ́ ibi tí a ti ń rọ epo sọ́kọ̀ kí a tó fo omi. Èkó kò sí lára wọn rárá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Imperial Airways so Nàìjíríà mọ́ ìrìnnà òfurufú rẹ̀ ní 1936, láti Khartoum ni ó ti wá sí Kánò, kí ó tó dé Èkó: ẹ̀yìn ìlú ni ọkọ̀ òfurufú gbà wọ ìlú etí òkun.

Ogun Àgbáyé Kejì nìkan ni ó tún ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ṣe, fún ìdí tí kò kan ará Èkó tàbí ará Bahia. Àwọn Faransé tí ó fara mọ́ Vichy ni ó di Dakar mú, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń wá ibi tí ọkọ̀ ogun wọn yóò gbà dé Íjíbítì àti Íńdíà. Wọ́n sọ Parnamirim lẹ́bàá Natal di ibùdó ńlá. Wọ́n la ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀ sórí erékùṣù Ascension, wọ́n sì ṣí i ní oṣù keje ọdún 1942. Láti Natal dé Ascension jẹ́ nǹkan bí 2,300 kìlómítà, láti Ascension dé Àkírà nǹkan bí 2,200. Láti Àkírà ni ọkọ̀ ti ń gba ojú òfurufú Nàìjíríà kọjá, gba Kánò àti Màídúgùrì, lọ sí Khartoum. Ohun tí ó gba Aliança ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn awakọ̀ yìí ń ṣe láàrin ọjọ́ kan. Kò sí ọmọ Nàgó kan tí ó rí àyè nínú ọkọ̀ wọn. Nígbà tí ogun parí, wọ́n kó ẹrù wọn.

Lẹ́yìn ogun, àjọṣe Èkó àti Bahia tún wá sójú táyé, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ ènìyàn kọ̀ọ̀kan tí ó ní ìwé àti owó ìrìn-àjò. Ní 1952, Verger gbé lẹ́tà Aláàfin lọ sí Salvador, èyí tí ó fi Mãe Senhora ti Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá joyè Ìyá Nàsó. Yunifásítì Bahia dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn sílẹ̀ ní 1959, Ebenezer Latunde Lasebikan sì ti Ìbàdàn lọ síbẹ̀ láti kọ́ni ní Yorùbá. Nígbà FESTAC ní Èkó ní 1977, Gilberto Gil, ọmọ Bahia, wá, ó sì gbé èrò àwo orin Refavela padà lọ. Fún ìgbà kan pẹ̀lú, ilé-iṣẹ́ Varig ti Bùràsíìlì mú Èkó mọ́ àwọn ìlú tí ó ń fò lọ. Ilé-iṣẹ́ náà fọ́ ní 2006.

Kí ni ẹni tí ń ti Èkó lọ sí Salvador ń ṣe nísinsìnyí? Ọ̀nà kan tí ó wọ́pọ̀ ni ti Etiópíà. Ìkẹjà sí Addis Ababa jẹ́ nǹkan bí 3,920 kìlómítà, sí ìlà-oòrùn, tí í ṣe òdìkejì ibi tí ó ń lọ. Addis Ababa sí São Paulo jẹ́ nǹkan bí 9,930, ọkọ̀ náà yóò sì tún gba òkè gbogbo Áfíríkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. São Paulo sí Salvador jẹ́ nǹkan bí 1,450. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,300 kìlómítà: ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Bí ó bá gba Lisbon, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ tààrà sí Salvador, àpapọ̀ ọ̀nà jẹ́ nǹkan bí 10,290, ìlọ́po méjì. Ní ìwọ̀n eré tí ọkọ̀ òfurufú ńlá ń sá, ọ̀nà tààrà kò ní ju wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ. Ti Addis Ababa ń gba nǹkan bí ogún wákàtí lójú òfurufú nìkan, láìka ìdúró sí.

Àwọn oníṣirò yóò sọ pé èrò kò tó. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀: ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ ṣófo kò lè fò pẹ́, Salvador kì í sì í ṣe olú ìṣòwò Bùràsíìlì. Ṣùgbọ́n èrò kì í hù bí olú lẹ́yìn òjò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní Èkó ni ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ dá: ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́, ẹbí, àti ọkọ̀ lẹ́tà tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Luanda jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ilẹ̀ Àǹgólà ti ń fò tààrà lọ sí São Paulo. Èdè Pọtogí àti òwò ni ó gbé e ró. Àwọn tí ó ní èdè òrìṣà ní àjọní kò tíì ní ọkọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà àti ti Bùràsíìlì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà òfurufú ní Brasília, a sì kéde pé ilé-iṣẹ́ Air Peace yóò máa fò láti Èkó sí São Paulo. Nǹkan bí 6,350 kìlómítà ni ìyẹn, ó sì kúrú ju gbogbo ọ̀nà tí a ti kà sílẹ̀ yìí lọ. Èrò tí ń lọ sí Bahia yóò bá ọkọ̀ náà dé gúúsù, yóò gba ẹrù rẹ̀ ní São Paulo, yóò sì tún fò ní 1,450 kìlómítà padà sí àríwá-ìlà-oòrùn, sí apá ibi tí ó ti ń bọ̀.